Bí tọkọtaya ṣe lè pààrọ̀ ilé, kí wọ́n sì gbé ìwé wọn kiri láti Lokoja dé Egbe

Okun o, gbogbo ilé! (Bí àwọn Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, ṣe ń kíra nìyẹn.) Èèyàn tó ti bi èmi àti ọkọ mi léèrè pé báwo la ṣe gbé ìwé àlọ́ tá a kọ kiri láti tà á fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko láì sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kankan ti pọ̀ jù, ó sì ti sú mi kí n máa ṣe voice note fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n jókòó kọ ọ́ síbì kan. Kì í ṣe idán o. Ilé la pààrọ̀. Ẹni tó nílé ní ìlú tá à ń lọ fún wa ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀, àwa náà fún un ní tiwa ní Lokoja, kówó ó má wọ̀ ọ́.

Tó bá jẹ́ owó òtẹ́ẹ̀lì nìkan lẹ fẹ́ sá fún, ẹ lè lọ sùn lọ́dọ̀ àbúrò ìyá yín, kò nílò ìtọ́sọ́nà. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, àlejò ni, mọ́níjà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń gbé nínú ilé ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa bèèrè pé ta ló tan iná nílé Tíṣà, wọ́n á yọjú, ẹ ó kíra, wọ́n á ní kí lẹ bá wá, ibẹ̀ ni ìwé ti ń tà. Nígbà tá a ṣírò ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwé wa tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé tá a gbà gbé la ti tà á, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ṣọ́ọ̀bù ìwé la gbójú lé nígbà tá à ń kúrò nílé.

Fún ẹni tí kò mọ ìwé tí mò ń sọ: àlọ́ ni, èyí tí ìyá ọkọ mi máa ń pa fún wọn ní Ìyàgbà, ní ilẹ̀ Okun. Èmi gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, ọkọ mi kọ ọ́, a jọ jà lórí ẹ̀ fún ọdún méjì, a wá tẹ 500. Àtẹ̀jáde ara wa ni, kò sẹ́ni tó bá wa polówó ẹ̀.

Àwọn òyìnbó ti ń pààrọ̀ ilé tipẹ́. Ní 1953 làwọn tíṣà kan ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní Intervac, torí tíṣà ní họlidé gígùn ṣùgbọ́n owó oṣù ẹ̀ ò lè gbé òtẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n bá ń bá tíṣà ẹgbẹ́ wọn ní orílẹ̀-èdè míì pààrọ̀ ilé. HomeExchange náà bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1992, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà báyìí. Tíṣà lèmi náà, nígbà tí mo gbọ́ pé tíṣà ló dá a sílẹ̀ ńṣe ni mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ jókòó ti sáìtì òyìnbó pé kó bá yín wá ilé ní Isanlu o. Sáìtì tiwa ni WhatsApp àwọn ọmọ ìlú, WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì, àti ti àwọn tẹ́ ẹ jọ jáde sẹ́kọ́ńdìrì.

Èkíní, ibi tí ìwé á ti tà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ilé lẹ̀yìn

Àṣìṣe tá a kọ́kọ́ ṣe nìyí. A rí ilé tó dáa kan, omi ẹ̀rọ, sólà, táìsì títí dé bàràǹdà, inú wa dùn, àfi ìgbà tá a débẹ̀ tá a rí i pé sùkúù tó sún mọ́ ọn jìnnà bí ọ̀nà oko, àwọn tó yí i ká náà ò sì sí nílé. Ọjọ́ méjì gbáko, ìwé mẹ́ta la tà, ọ̀kan nínú ẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ilé ló rà á, mo rò pé àánú wa ló ṣe é.

Torí náà ẹ mú bébà, kẹ́ ẹ kọ ìlú tí ìwé yín bá mu sílẹ̀. Tiwa lọ báyìí: Lokoja, Kabba, Ogidi, Mopa, Isanlu, Egbe. Láti Lokoja ẹ máa gba Obajana bọ́ sí Kabba. Kìlómítà 43 láti Obajana dé Kabba, kọnkéré ni, Dangote ló ṣe é, ó dùn ún wà gan-an, àmọ́ tírélà sìmẹ́ńtì tún ń gba ibẹ̀, ẹ má bá wọn du ọ̀nà. Kabba yẹn lẹ lè fi ṣe ibùdó, ẹ ó ti ibẹ̀ lọ sí Ogidi kẹ́ ẹ padà, kẹ́ ẹ tó wá gba Ayetoro Gbede lọ sí Mopa, ẹ já sí Isanlu, ẹ parí ẹ̀ sí Egbe, torí lẹ́yìn Egbe, Kwara ti dé. Lẹ́yìn Kabba ọ̀nà ò rí bákan náà mọ́, ẹ bi awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́, ẹ má bi Google.

Ìdí tá a fi mú ìlú kọ̀ọ̀kan wà. Egbe kún fún tíṣà àti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, Titcombe College ti wà níbẹ̀ láti 1951, ọsibítù ṣọ́ọ̀ṣì ECWA náà wà níbẹ̀, irú ìlú bẹ́ẹ̀, ìwé ò ṣàjèjì sí wọn. Isanlu ni ìlú Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adesanmi tó bá ọkọ̀ òfurufú Ethiopian lọ ní March 2019, tẹ́ ẹ bá sọ fún wọn níbẹ̀ pé ọmọ Okun lẹ̀yin náà tẹ́ ẹ kọ̀wé, wọ́n á fún yín lága. Ogidi ni ti Màmá Nike Okundaye, oníṣẹ́ ọnà, ibẹ̀ ni ibùdó iṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ wà, àwọn tó ń wá wo aṣọ híhun máa ń rajà, wọ́n sì lè ra ìwé àlọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó bá kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú kájú lè má nílò Ogidi rárá, ẹ fi tiyín wò ó.

Ti àkókò ńkọ́? Gbogbo èèyàn á sọ fún yín pé December ni kẹ́ ẹ lọ torí àwọn ará Abuja àti Lagos ti délé, owó ti délé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé náà ti kún nìyẹn! Ẹni tó nílé fúnra ẹ̀ ti dé pẹ̀lú ọmọ méje àti àwọn àna, ta ló fẹ́ fún yín ní yàrá? Àwa mú October, sùkúù ti wọlé dáadáa, ìdánwò ò tíì dé. Ẹ sá fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ táàmù torí àwọn òbí ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó sùkúù ni, ọwọ́ wọn gbẹ.

Èkejì, irú èèyàn tó yẹ kẹ́ ẹ bá pààrọ̀

Méjì ló wà tó ṣiṣẹ́ fún wa.

Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ní nǹkan tó fẹ́ ṣe ní ìlú tẹ̀yin ń gbé. Bàbá kan ní Egbe, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n fẹ́ wá ṣe ìwé owó ìfẹ̀yìntì wọn ní Lokoja, ẹ sì mọ̀ pé nǹkan yẹn kì í tán lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní ẹ padà wá lọ́la, wọ́n á tún ní ẹni tó máa fọwọ́ sí i ò sí ní síìtì. Bàbá yẹn àti ìyàwó wọn nílò ibi tí wọ́n máa sùn sí fún ọjọ́ mẹ́rin, àwa nílò Egbe fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó parí. Irú wọn pọ̀: ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ wọ Federal University, ẹni tó ní àpọ́íńmẹ́ǹtì lọ́sibítù, ẹni tó fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó. Ẹ béèrè lórí WhatsApp ìlú, kẹ́ ẹ kọ ọ́ kedere: “A ní yàrá méjì ní Lokoja, a fẹ́ wá sí Mopa láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, tọkọtaya ni wá, a ò mú ọmọ dání, ta ló fẹ́ kí á jọ pààrọ̀ ilé?” Wọ́n á kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in tán, ẹnì kan á yọ́ wá kọ̀wé sí yín níkọ̀kọ̀.

Ìkejì ni èyí tó jẹ́ ti wa gan-an, ilé àwọn ará ìdálẹ̀. Ẹ wo gbogbo ìlú Okun láti ọ̀nà Kabba lọ, ẹ ó rí ilé ńlá ńlá tí wọ́n ti pa fẹ́ńsì, tó jẹ́ pé Kérésì, Ajíǹde àti ìsìnkú nìkan ló ń ríná. Abuja lolówó ẹ̀ wà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò nílò ilé yín lásìkò kan náà, ohun tó nílò ni ibi tó máa sùn sí nígbà tó bá ń bọ̀ láti Abuja tí ilẹ̀ ti ṣú bá a ní Lokoja. Torí náà pàṣípààrọ̀ yẹn ò pọn dandan kó bọ́ sí ọjọ́ kan náà, ẹ gba tiẹ̀ ní October, òun á gba tiyín ní December. Ẹ ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀, torí tó bá di December tẹ́ ẹ wá ń sọ pé àlejò ti kún ilé yín, ẹ ti ba orúkọ jẹ́, gbogbo ìlú á sì gbọ́ kó tó di ọdún tuntun.

Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ẹ má bá a pààrọ̀. Kò sí bó ṣe lè rẹwà tó nínú fọ́tò. Ó kéré tán kí ẹnì kan tẹ́ ẹ mọ̀ mọ bàbá ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ sọ òótọ́ nípa ilé tiyín

Ọ̀nà Ganaja là ń gbé. Ẹni tó bá mọ Lokoja mọ ohun tí mò ń sọ, omi ṣe wá bọ̀tọ̀bọ̀tọ̀ ní 2012, ó tún padà wá ní 2022. October sì ni oṣù tí Ọya àti Bẹ́núè máa ń kún. Ṣé kí n wá fi ìyẹn pa mọ́ fún bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tó ń bọ̀ wá sùn nílé mi? Mo pè wọ́n lórí fídíò, mo rìn yí ilé ká pẹ̀lú fóònù, mo fi ibi tí omi dé lára ògiri hàn wọ́n, mo ní ọdún yìí omi ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti gbọ́ pé ó ń bọ̀, ẹ tètè gba ilé àbúrò mi lọ ní Lokongoma, nọ́ńbà ẹ̀ rèé. Ìyàwó wọn ní “Ìwọ ọmọ yìí, olóòótọ́ ni ẹ́,” kọ́kọ́rọ́ Egbe bọ́ sọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ sọ gbogbo ẹ̀. Pé iná kì í dúró. Pé adìẹ aládùúgbò máa ń wọlé. Pé àtẹ̀gùn ga fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Pé mùsálásí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n á gbọ́ ìrun àsùbáà. Kí àlejò má bàa débẹ̀ kó máa pe yín ní òpùrọ́ nígbà tẹ̀yin náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀.

Tó bá jẹ́ ilé ìgbà lẹ wà, ẹ sọ fún lándílọ́ọ̀dù. Ẹ má ní “kò kàn án.” Ó kàn án. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹ ò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíì, ẹ sì lè ṣàlàyé fún un pé owó ò wọ̀ ọ́, pé bí ìgbà tí àna yín bá wá kí yín náà ni. Tiwa kọ́kọ́ fajú ro, nígbà tó gbọ́ pé ẹni tó ń bọ̀ ti kọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní sùkúù, ó ní kí wọ́n máa bọ̀ kíá.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi bébà lẹ ẹnu ilẹ̀kùn kíṣìnì

Ọ̀rọ̀ àdéhùn, àwọn kan á ní kẹ́ ẹ pe lọ́yà. Fún ọjọ́ mẹ́rin? Bébà méjì tó, ọ̀kan tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí tẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ síra yín, ọ̀kan tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn kíṣìnì.

Èyí tẹ́ ẹ máa fọwọ́ sí: ọjọ́ tí wọ́n wọlé, ọjọ́ tí wọ́n jáde, iye èèyàn, ta ló ń ra iná, tí nǹkan bá bàjẹ́ ta ló máa tún un ṣe. Tiwa ni pé ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ, ìwọ lo máa ṣe é, èyí tó ti fẹ́ kú tẹ́lẹ̀, onílé ló máa ṣe é. Kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ ya fọ́tò mítà iná, kẹ́ ẹ rí iye tó kù lórí ẹ̀, ẹ ya ti gáàsì, ti tẹlifíṣọ̀n, ti àga tó ti ya kí wọ́n má bàa rò pé àwọn ló ya á.

Èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnì ló ṣe pàtàkì jù, torí ọgbọ́n ilé kò sí ní orí àlejò. Báwo ni wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, ìṣẹ́jú mélòó ni kí wọ́n pa á? Ní ibì kan tá a dé, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ẹ̀rọ yẹn ò gbọdọ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ọkọ mi tàn án, ó jókòó ti ìwé tó fẹ́ fọwọ́ sí, nígbà tí òórùn jíjó máa dé pálọ̀, ẹ̀rọ ti lọ. Wákàtí méjì la fi wá ẹni tó lè tún okùn inú ẹ̀ wé, owó ìwé ọjọ́ yẹn bá a lọ. Onílé ní ká má san án, ọkọ mi ní a máa san án, wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ yẹn lórí fóònù bí àwọn tó ń kíra, mo kàn ń wò wọ́n.

Ẹ tún kọ: nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń gbé níbẹ̀ àti igun ilé tó ti ń gbé, aládùúgbò tí wọ́n lè pè lóru, yàrá tí wọn ò gbọdọ̀ ṣí, ajá ń jẹ kí ni. Ẹ jọ̀ọ́, tí ojú oórì bàbá bá wà níwájú ilé, bó ṣe máa ń wà ní ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹ sọ ọ́, kí àlejò má lọ sá aṣọ sórí ẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti fẹ́ sá aṣọ sórí ẹ̀ rí.

Ẹ̀karùn-ún, ẹrù ìwé

Ìwé wúwo. Páálí mẹ́rin lẹ́yìn mọ́tò kékeré, ìdí mọ́tò á máa wọ́ nílẹ̀, ẹ fi díẹ̀ sórí síìtì ẹ̀yìn, ẹ fẹ́ táyà dáadáa, ẹ wo sípíà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé páálí kọ̀ọ̀kan torí òjò October kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹ má sì kó gbogbo ẹ̀ dání lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ìdajì sílẹ̀ ní Kabba.

Nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa: ilé tí kò sẹ́ni tó gbé ibẹ̀ láti Ajíǹde, eku àti ikán ló nilé. Ẹ má gbé páálí ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orí tábìlì ni, kó má kan ògiri. Mopa la ti sun oorun ọjọ́ kan, nígbà tó máa di àárọ̀, igun páálí kan ti di ti eku. Ìwé mẹ́jọ ló jẹ etí ẹ̀, a wá ń tà á ní ẹ̀dínwó, ọkọ mi ń sọ fún àwọn ọmọ pé ìjàpá ló jẹ ẹ́.

Kí ìwé tó dé inú mọ́tò rárá, kó ti ní ISBN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀. Ọwọ́ National Library ni wọ́n ti ń gbà á ní Nàìjíríà, ẹ sì máa kó ẹ̀dà mẹ́ta fún wọn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, òfin ọdún 1970 ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn hẹdimásítà kan máa ń yí ìwé wò lẹ́yìn láti wá nọ́ńbà yẹn kí wọ́n tó bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹfà, ọ̀nà àti ìwọlé

Mi ò ní pọ́n ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ajínigbé ń yọ agbègbè wa lẹ́nu, gbogbo wa la mọ̀. Òfin tiwa ni pé aago mẹ́jọ àárọ̀ la máa ń gbéra, kó tó di aago mẹ́ta a ti wọlé, kò sí “ẹ jẹ́ ká kàn tún tẹ̀ síwájú díẹ̀.” Kẹ́ ẹ tó gbéra ẹ pe ẹni tó wà níwájú, ẹ pe awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibẹ̀ bọ̀, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró, ẹ fi ọjọ́ yẹn tàwé níbi tẹ́ ẹ wà.

Ẹ tún wo èyí: ẹ̀ ń polówó ìwé, ẹ fẹ́ kí gbogbo ayé mọ ibi tẹ́ ẹ wà, àbí? Rárá. Ẹ kéde sùkúù tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ máa kàwé sí, ẹ má kéde ilé tẹ́ ẹ máa sùn sí. Fọ́tò bàràǹdà, fọ́tò géètì, kẹ́ ẹ gbé e síta lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní ìlú yẹn. Ilé onílé ni, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣọ́.

Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má wọlé tààrà. Ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ á mú yín lọ kí aládùúgbò ọ̀tún àti tòsì, á mú yín lọ sọ́dọ̀ baálé tàbí olórí àdúgbò, á sọ fún àwọn fijilanté. Ẹ mú ìwé kan dání fún baálé, ẹ kọ orúkọ wọn sínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń kọjá láàárín ìlú, ẹ máa kí “okun o” fún gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá rí, kódà ẹni tó ń tún ọ̀kadà ṣe. Ọkọ mi tó jẹ́ ọmọ Ìyàgbà kì í fẹ́ sọ èdè wọn lójú mi tẹ́lẹ̀, ọmọ Ọ̀fà ni mí, ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta ńṣe ló ń dá àpárá pẹ̀lú gbogbo ìyá ọlọ́jà, mi ò gbọ́ ìdajì ẹ̀.

Ẹ̀keje, títà gan-an

Sùkúù: ẹ kọ lẹ́tà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ pè ní ọjọ́ kan ṣáájú. Sùkúù kan gbà lórí fóònù, nígbà tá a débẹ̀ wọ́n ní táàmù tó ń bọ̀. Ẹ má jà, ẹ fi ìwé kan sílẹ̀ fún láíbìrì wọn kẹ́ ẹ sì máa lọ. Ibi tí wọ́n bá ti gbà yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó. Ẹ pa àlọ́ kan, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbè é, ẹ dúró sí ibi tó ti dùn jù, ẹ ní “èyí tó kù wà nínú ìwé.” Wọ́n á gbé ẹkún ẹ̀ délé. Ọ̀la ni owó máa dé.

Ṣọ́ọ̀ṣì: ẹ bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀ láti Sátidé, ìṣẹ́jú méjì péré ni kẹ́ ẹ tọrọ nígbà ìkéde, kẹ́ ẹ sì lo ìṣẹ́jú kan.

Ṣọ́ọ̀bù ìwé: ogún ìwé la fún ọ̀kan pé tó bá tà á kó san, títí di òní, à ń gbọ́ “nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.” Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ẹ fún wọn ní márùn-ún, ẹ gba owó ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún wọn ní òmíràn.

Aládùúgbò ni mo fẹ́ sọ. Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ ní Egbe, a jókòó sí bàràǹdà bàbá yẹn, ọkọ mi ń ka àlọ́ kan sókè láti fi múra sùkúù ọjọ́ kejì. Ìyá àgbà kan láti ilé kejì yọ, ó ní ta ló wà nílé Tíṣà, a ní àwa ni o, a ṣàlàyé, ó jókòó. Ọkọ mi ń kà á lọ, ó dé ibi orin, ìyá ní “Dúró. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbè é.” Ó kọ ọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó yàtọ̀, ó sì dùn ju tiwa lọ. Èmi gba fóònù, mo gbà á sílẹ̀. Ó ní kí ìyàwó wa, èmi nìyẹn, wá bá òun gbé iyán nílé, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti sọ fún gbogbo ọmọ ẹ̀ pé àwọn kan wà nílé Tíṣà tí wọ́n kọ àlọ́ òun sínú ìwé. Àlọ́ òun o! A ò já a nírọ́. Ìwé mẹ́tàdínlógún ló lọ láti bàràǹdà yẹn láàárín ọjọ́ méjì, ẹni tó ra mẹ́rin wà nínú wọn, ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ tí wọn ò gbọ́ Yorùbá ní Abuja. Torí náà ìtọ́sọ́nà tèmi níbí ò gùn: tó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ kúrò ní pálọ̀, ẹ gbé àga síta, ẹ kàwé yín sókè.

Owó: ẹ mú ṣéńjì dání, torí tírásífà lè máa fi gbogbo ọjọ́ yí. Ìwé ẹ̀sáàsì kan, ẹ pín in sí mẹ́ta: èyí tẹ́ ẹ tà, èyí tẹ́ ẹ fi tọrẹ, àwìn. Alaalẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn. A ò ṣe é ní alẹ́ méjì, ọjọ́ kẹta ìwé mẹ́sàn-án ò ní àlàyé, èmi ní ọkọ mi ló fi tọrẹ fún àwọn ọ̀rẹ́ sùkúù ẹ̀, òun ní èmi ni mo fún àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì. A ò bára wa sọ̀rọ̀ láti Isanlu dé Odo-Ere. Ẹ fi ọjọ́ kan sínú ètò yín tẹ́ ẹ ò ní tà nǹkan kan, kẹ́ ẹ kàn sùn, tàbí kẹ́ ẹ lọ wo òkè Ogidi, torí tọkọtaya tó ń tajà pọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá nílé onílé, sùúrù máa tán.

Ẹ̀kẹjọ, kẹ́ ẹ tó dá kọ́kọ́rọ́ padà

Ẹ fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ẹ sá a, ẹ má fi tútù sílẹ̀. Isu tẹ́ ẹ jẹ, ẹ ra òmíràn, kó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ra iná sí mítà kó kọjá iye tẹ́ ẹ bá lórí ẹ̀. Ẹ gbálẹ̀ títí dé ìta géètì torí ìta géètì làwọn aládùúgbò máa wò. Ẹ fi ìwé kan sílẹ̀ lórí tábìlì onílé, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ déètì. Ẹ ya fọ́tò mítà àti yàrá, ẹ fi ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó kúrò ní ìlú, kí ẹjọ́ má bàa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Kẹ́ ẹ sì lọ dágbére fún gbogbo ẹni tẹ́ ẹ kí nígbà tẹ́ ẹ dé, ẹ má yọ́ lọ bí olè.

Ìyá àgbà ilé kejì di ata gígún fún mi nínú páálí ìwé tó ti ṣófo. A ò tíì kọjá Odo-Ere nígbà tí bàbá Egbe pe ọkọ mi láti ilé wa ní Lokoja. Wọ́n ní ìwé owó ìfẹ̀yìntì àwọn ò tíì tán, wọ́n ní kí àwọn padà wá ní Mọ́ńdè, ṣé àwọn lè fi ọjọ́ mẹ́ta kún un, pé ẹ̀yin náà ẹ padà sí Egbe, ilé ṣí sílẹ̀. Ọkọ mi wò mí. Mo wo ẹ̀yìn mọ́tò, ìwé ogójì ló kù. Mo ní kó yí mọ́tò padà.